Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Aláwọ̀ Dúdú Tí Ìtàn Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gbàgbé

Bí a bá ní kí àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ wa dárúkọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, orúkọ Newton àti ti Einstein ni yóò kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá tún ní kí wọ́n dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dákẹ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni èrò búburú kan ti ń yọ́ wọ inú ọkàn wọn, pé Ọlọ́run kò fi ọgbọ́n ìwádìí sí orí ènìyàn dúdú. Irọ́ ni èrò náà. Àwọn ènìyàn wa ṣe iṣẹ́. Orúkọ wọn ni a kò kọ sí ibi tí ọmọdé ti lè kà á.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbé mẹ́ta nínú wọn yẹ̀ wò. Àrùn mẹ́ta tí àwọn baba wa bẹ̀rù gidigidi ni wọ́n dojú kọ: ìgbóná, ẹ̀tẹ̀ àti sòbìà.

Onesimus: Ẹrú Tí Ó Kọ́ Ọ̀gá Rẹ̀ Lọ́gbọ́n

Ẹni tí ó bá ń ka Ìwé Mímọ́ mọ Onísímù, ẹrú Fílémónì, ẹni tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1706, àwọn ọmọ ìjọ kan ní ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ra ọkùnrin kan tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà, wọ́n sì fi ta àlùfáà wọn, Cotton Mather, lọ́rẹ. Orúkọ inú Bíbélì yìí ni Mather fún un. Orúkọ tí ìyá tí ó bí i sọ ọ́, ìwé kankan kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí a ń pe ara wa ní ìjọ Ọlọ́run ronú sí i: ìjọ ni ó rà á, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni ó sì gbà á.

Nígbà tí Mather bi í léèrè bóyá ó ti ní àrùn ìgbóná rí, Onesimus fi àpá ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Ó ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ àwọn, wọ́n máa ń mú díẹ̀ nínú oje egbò aláìsàn, wọn a fi ọ̀bẹ ha awọ ara ẹni tí ara rẹ̀ le, wọn a sì fi oje náà sí i. Ẹni náà yóò ṣe àìsàn díẹ̀, lẹ́yìn èyí kò tún ní kó àrùn náà mọ́. Bí ọmọ ogun tí ó ti bá ìwọ̀nba ọ̀tá jà ṣe ń mọ ọgbọ́n wọn kí ogun ńlá tó dé, bẹ́ẹ̀ ni ara ń ṣe. Mather wádìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà mìíràn ní Boston, ọ̀rọ̀ wọn sì bá ara wọn mu.

Ní ọdún 1721, ìgbóná wọ Boston. Mather bẹ àwọn oníṣègùn ìlú. Ẹnì kan ṣoṣo, Zabdiel Boylston, ni ó gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti ẹrú méjì. Inú bí àwọn ará ìlú. Àwọn kan ń fi ìmọ̀ náà ṣẹ̀sín nítorí pé ẹnu ẹrú ni ó ti jáde. Ní oṣù kọkànlá, ẹnì kan ju àdó olóró sínú ilé Mather. Ṣùgbọ́n ẹ wo èso rẹ̀: nínú nǹkan bí 5,900 ènìyàn tí àrùn náà mú fúnra rẹ̀, 844 kú, èyí tí ó jẹ́ bí ènìyàn 14 nínú 100. Nínú nǹkan bí 240 tí a fi ọgbọ́n Onesimus dáàbò bò, mẹ́fà péré ni ó kú.

Ní ọdún 1796 ni Edward Jenner, ará Gẹ̀ẹ́sì, lo àrùn màlúù láti ṣe irú ààbò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ewu tí ó kéré sí i. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Àrùn tí ẹnu àwọn baba wa kò gbọdọ̀ dárúkọ ní gbangba ni a ṣẹ́gun bẹ́ẹ̀.

Alice Ball: Ọ̀dọ́mọbìnrin Tí Ó Bá Ẹ̀tẹ̀ Jà

Ní erékùṣù Hawaii, láti ọdún 1866, wọ́n a máa mú ẹni tí ó bá ní ẹ̀tẹ̀ kúrò láàárín àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sí Kalaupapa ní erékùṣù Molokai. Nǹkan bí 8,000 ènìyàn ni a kó lọ síbẹ̀ kí òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1969. Ibẹ̀ ni Fadá Damien ti tọ́jú wọn títí ẹ̀tẹ̀ fi pa òun náà ní 1889.

Òróró igi chaulmoogra, tí àwọn ará Íńdíà àti Ṣáínà ti ń lò láti ayébáyé, ni ìtọ́jú tí ó wà. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá mu ún, èébì ni; bí a bá gún un lábẹ́rẹ́, òróró náà ki jù, yóò dì sábẹ́ awọ ara, yóò sì máa ro ó. Òróró kì í bá omi rẹ́, omi ni ó sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Alice Augusta Ball, tí a bí ní ìlú Seattle ní 1892, ni ó yanjú rẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ àti aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè másítà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Hawaii, ní 1915. Dókítà Harry Hollmann ni ó ké sí i fún ìrànlọ́wọ́. Alice yọ àwọn ásíìdì inú òróró náà, ó pa wọ́n pọ̀ mọ́ ọtí líle, ó sì sọ wọ́n di oògùn ṣíṣàn tí a lè gún lábẹ́rẹ́, tí yóò sì tàn ká inú ara. Kò tíì pé ọmọ ọdún 24 nígbà náà.

Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1916, kí ó tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Arthur Dean, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde láì dárúkọ rẹ̀. Orúkọ Dean ni wọ́n fi ń pe ìlànà náà. Ní 1922, Hollmann kọ̀wé pé Ball ni ó ni í, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọbi ara sí i kò pọ̀. Oògùn náà kò wo gbogbo aláìsàn sàn, síbẹ̀ ó mú kí àwọn kan padà sílé, òun sì ni ìtọ́jú tí ó dára jù lọ títí oògùn mìíràn fi dé láàárín ọdún 1940 sí 1950. Ní ọdún 2000, yunifásítì náà gbé àmì ìrántí fún un sí ìdí igi chaulmoogra kan ní ọgbà wọn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ó ti kú.

Sanya Onabamiro: Ọmọ Ilẹ̀ Wa

Ẹ má ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni irú wọn wà. Sanya Onabamiro, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, jókòó ti àrùn sòbìà. Ní 1951, ó tẹ ìwádìí jáde nípa abúlé kan ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, níbi tí ó ti fi hàn irú kòkòrò omi tíntìntín tí ó ń gbé àrùn náà kiri níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mu omi odò tí kòkòrò yìí wà nínú rẹ̀ ti gbé ọmọ sòbìà mì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, aràn gígùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Bí ẹni náà bá ti ẹsẹ̀ bọ odò kí ara lè tù ú, aràn náà yóò tú ọmọ sínú omi.

Kò sí oògùn tí ń pa á. Ìmọ̀ nípa kòkòrò omi ni ó mú kí a mọ̀ pé aṣọ tí a fi sẹ́ omi tó láti dáàbò bo odindi ìdílé. Nígbà tí a ka àwọn tí ó ní sòbìà ní Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Wo Ni Èyí Kọ́ Wa?

Jésù wo adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn, ọ̀kan ṣoṣo ni ó padà wá dúpẹ́ (Lúùkù 17:11-19). Àwọn baba wa náà sì ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ láì dárúkọ rẹ̀ ti ṣe ju àìdúpẹ́ lọ. Olè ni ó jà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ sọ ìtàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa Náámánì tàbí nípa Onísímù. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin yín bá fẹ́ràn kẹ́mísírì, ẹ má ṣe sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ ìwádìí yín sílẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ yín sí i. Bí ẹlòmíràn bá ràn yín lọ́wọ́, ìbáà ṣe ẹni tí ayé kò kà sí, ẹ dárúkọ òun náà. Olúwa tí ó fún wọn ní ọgbọ́n kò tíì dẹ́kun fífúnni.