Artemisia Gentileschi àti Àwọn Akọni Obìnrin Tó Yà

Róòmù ni wọ́n bí Artemisia Gentileschi sí lọ́dún 1593, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Orazio, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ìlànà Baroque ló gbòde nígbà náà: ìmọ́lẹ̀ á mú, òkùnkùn á ṣú, ara èèyàn á sì rí bí ara gidi. Obìnrin tó ń fi ìyàwòrán jẹun kò pọ̀, ojú àwọn ọlọ́lá àti èso inú àwo ni wọ́n sì sábà máa ń gbé fún wọn yà. Artemisia kò dúró síbẹ̀. Ìtàn ńláńlá ló mú, obìnrin ló sì fi ṣe akọni inú rẹ̀.

Ti Júdítì ló lókìkí jù. Ìwé rẹ̀ wà nínú Bíbélì àwọn Kátólíìkì, kò sí nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ yòókù nílẹ̀ Yorùbá ń kà. Opó ni. Nígbà tí ọmọ ogun Holofernes dó ti ìlú rẹ̀, ó ṣoge, ó wọ àgọ́ ọ̀gágun náà, ó dúró títí ọtí fi pa á, ó sì gé e lórí. Irú ọgbọ́n tí Mọremí fi wọlé ọba Ugbò nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣírí ni Mọremí gbé bọ̀, kì í ṣe orí.

Ní nǹkan bí ọdún 1599, ayàwòrán tó ń jẹ́ Caravaggio ti ya ìtàn yìí. Júdítì tirẹ̀ na idà, ó fa ara sẹ́yìn bí ẹni tí ara ń kọ̀. Ìyá arúgbó tó jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ kàn dúró, ó ń retí orí tí yóò kó. Ẹ wo ti Artemisia tó wà ní ilé àwòrán Uffizi ní Florence, tó yà ní nǹkan bí ọdún 1620. Obìnrin méjèèjì ti ká apá aṣọ sókè. Ọ̀dọ́ ni ìránṣẹ́, ó fi gbogbo agbára tẹ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀, ọkùnrin náà sì ń ti ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Júdítì di orí mú, ó ń rẹ́ ọrùn, ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà sórí aṣọ ibùsùn funfun. Ẹni tó bá ti bá wọn dá àgbò Iléyá dùbúlẹ̀ rí á mọ̀ pé iṣẹ́ ẹnìkan kọ́. Àwòrán náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà ní Táíwò Road ní Ìlọrin lè fi fóònù fẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Artemisia tún ya Jáẹ́lì tó ń kan ìṣó mọ́ Sísérà lórí, Ẹ́sítérì àti Cleopatra.

Lọ́dún 1611, Agostino Tassi, alábàáṣiṣẹ́ bàbá rẹ̀, fipá bá Artemisia lò. Nílé ẹjọ́ lọ́dún 1612, wọ́n fi okùn fún ìka òun tó wá jẹ́rìí, pé kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Wọ́n dá Tassi lẹ́bi, ìyà kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ṣe ka Júdítì sí ẹ̀san. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bi Caravaggio pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Ọjà ni Júdítì jẹ́ lásìkò náà, Artemisia sì mọ ọjà: nínú lẹ́tà tó kọ sí Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, lọ́dún 1635, ó rántí pé Galileo ló bá òun gba owó Júdítì tí òun yà fún Cosimo Kejì, olórí Florence. Ìlú yẹn kan náà ló ti di obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán, Accademia delle Arti del Disegno, lọ́dún 1616.

Lọ́dún 2018, National Gallery ní Lọ́ńdọ̀n fi mílíọ̀nù 3.6 pọ́n-ùn ra àwòrán tí Artemisia ti ya ara rẹ̀ bíi Kátérínì Mímọ́, ajẹ́rìíkú tó gbé ọwọ́ lé àgbá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fẹ́ fi pa á.