Ojú Kan, Ibùsùn Ọgọ́rùn-ún

Ará Máfòlúkù l'Ékòó kì í gbójú sókè mọ́ bí ọkọ̀ òfuurufú bá bú kọjá lórí ilé wọn. Ariwo yẹn ti mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń wo ọkọ̀ náà. Ní pápákọ̀ Murtala Muhammed, àwọn tó ń darí ọkọ̀ jókòó ti ojú ẹ̀rọ rédà. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé kiri ni wọ́n fi ń mọ èyí tó ń lọ Kánò yàtọ̀ sí èyí tó ń ti Accra bọ̀. Ètò rédà tí Nàìjíríà ṣí ní 2010 ní ibùdó mẹ́sàn-án, Ìlọrin àti Maiduguri wà lára wọn, ṣùgbọ́n ibi méjì péré, Èkó àti Kánò, ni wọ́n ti ń darí ọkọ̀ tó ti gòkè réré. Bí ọkọ̀ tó ń lọ Kánò bá fẹ́ kúrò ní sàkáání Èkó, Èkó a fà á lé Kánò lọ́wọ́.

Ẹni tí èyí bá yé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ aláìsàn ilé ìwòsàn púpọ̀ láti ojú kan. Ká ní a fẹ́ so Ilé Ìwòsàn Gbogbogbò Ìsọlọ̀, ti Mushin àti LASUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, pọ̀. Ẹ̀rọ á wà lẹ́bàá ibùsùn tí yóò máa ka bí ọkàn ṣe ń lù, bí aláìsàn ṣe ń mí, ìfúnpá àti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni aláìsàn yóò máa jẹ́ níbi gbogbo. Bí wọ́n bá sáré gbé e láti Ìsọlọ̀ lọ sí LASUTH, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á ti ṣáájú áńbúláǹsì débẹ̀. Bí ilé ìwòsàn méjèèjì bá fún un ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó di èèyàn méjì lójú ẹ̀rọ nìyẹn.

Ní Virginia, l'Amẹ́ríkà, àjọ ilé ìwòsàn Sentara bẹ̀rẹ̀ sí lo irú ètò yìí ní 2000 fún àwọn tí àìsàn wọn le koko. Ní 2015, àjọ ilé ìwòsàn mìíràn, Mercy, ṣí ilé kan lẹ́bàá St. Louis: dókítà àti nọ́ọ̀sì kún inú rẹ̀, kò sí ibùsùn aláìsàn kankan níbẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni ariwo. Ẹ̀rọ a máa ké torí pé aláìsàn yí ẹ̀gbẹ́ padà, tàbí torí pé wáyà bọ́ lára rẹ̀. Ní 2013, Joint Commission, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìwòsàn l'Amẹ́ríkà, sọ pé bí agogo bá dún nígbà 100, ó tó 85 sí 99 nínú rẹ̀ tí kò nílò ìtọ́jú kankan. Bí ariwo ilé ìwòsàn mẹ́ta bá ń dà sínú yàrá ìṣọ́ kan, etí á di, èyí tó jẹ́ òótọ́ á sì bá a lọ. Ìdí nìyí tí ìṣirò fi gbọ́dọ̀ parí ní wọ́ọ̀dù kí ohunkóhun tó jáde. Láti 2012 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo òdiwọ̀n tí wọ́n ń pè ní NEWS: nǹkan mẹ́fà lára aláìsàn ni wọ́n ń fún ní máàkì. Bí àròpọ̀ bá tó 5, kí wọ́n tètè pe dókítà. Bó bá tó 7, ó ti di pàjáwìrì. Irú ìyẹn nìkan ló yẹ kó dé yàrá ìṣọ́, kí ilé ìwòsàn mìíràn lè máa wọlé láìjẹ́ pé orí àwọn tó jókòó síbẹ̀ dàrú.

Iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ló kù. Bí rédíò bá kú, awakọ̀ òfuurufú kì í jáwọ́ lára ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí agogo ẹ̀gbẹ́ ibùsùn máa dún bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tilẹ̀ lọ, kí kọ̀ǹpútà Ìsọlọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ pẹ̀lú àkókò tí nǹkan ṣẹlẹ̀, kó sì fi í ránṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Kí ojú ẹ̀rọ sì kọ ọ́ gàdàgbà bí òǹkà bá ti pẹ́. Òǹkà àtijọ́ tó ń tàn bíi tuntun léwu ju ojú ẹ̀rọ tó ṣókùnkùn lọ.

Yàrá ìṣọ́ lè rí i ní aago mẹ́ta òru pé èémí ẹnì kan ti ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ọ́síjìn sí i nímú. Bí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá wà fún wọ́ọ̀dù tó kún, ta ni yóò dá ìpè náà lóhùn? Kí ìjọba tó ka iye ibùsùn tí ojú kan lè ṣọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ ka iye ẹsẹ̀ tó lè sáré débẹ̀.