Kòkòrò Inú Amọ̀ Ògóni

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù, oríta Eleme ní Port Harcourt ti dí pa. Ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí èbúté Onne tò lọ súà, èéfín ń rú túú nídìí wọn, àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá sì ń sá gba àárín wọn kọjá. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀sì tiwa ráyè, ó kọrí sí ilẹ̀ Ògóni.

Òórùn epo ti gba ọ̀fun mi kí n tó rí kòtò tí wọ́n ti ń fọ epo kúrò nínú ilẹ̀ rárá. Wọ́n fún mi ní bàtà òjò àti akoto, a sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ti mú. Ẹ̀gbẹ́ kòtò náà hàn kedere: erùpẹ̀ pupa lókè, lábẹ́ rẹ̀ ni amọ̀ eléérú wà, tó ń dán bí ọṣẹ dúdú tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, epo sì ń sun lára rẹ̀.

Amọ̀ yìí ni wọ́n gbójú lé tẹ́lẹ̀. Èrò ilé iṣẹ́ epo Shell ni pé epo tó bá dà sílẹ̀ kò ní lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àmọ́ nígbà tí UNEP, àjọ UN tó ń rí sí àyíká, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2011, ibi 49 ni epo ti wọlẹ̀ tó mítà 5, ó kéré tán. Ní Nsisioken Ogale, benzene, májèlé inú epo, tó wà nínú omi kànga tí àwọn èèyàn ń mu fi ìlọ́po 900 ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ.

Katapílà ń hó gèè. Ó ń kó erùpẹ̀ jọ ní ebè gígùn, ó ń yí i sókè sódò. Kòkòrò àìfojúrí tó ti wà nínú ilẹ̀ látilẹ̀ wá ló ń jẹ epo yẹn. Ajílẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Awakọ̀ katapílà náà, ọmọ Ìṣẹ́yìn, bọ́ sílẹ̀, ó fi ìṣù amọ̀ kan lé mi lọ́wọ́.

"Bọ̀dá, ẹ fọ́ ọ."

Mo fọ́ ọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣá, kò fi bẹ́ẹ̀ rùn mọ́. Inú rẹ̀ dúdú kirikiri, òórùn tó tú jáde sì mú mi wúkọ́. Afẹ́fẹ́ kò ráyè wọbẹ̀, kòkòrò ibẹ̀ kò sì lè ṣiṣẹ́ bíi ti ìta.

Amọ̀ dídì tó ń dí àwọn kòkòrò lọ́wọ́ níbí ni àwọn òyìnbó ń wá lójú méjèèjì níbòmíràn. Ní Mont Terri, ní Switzerland, wọ́n gbẹ́ inú òkè lọ síbi tí amọ̀ ti di àpáta, láti mọ̀ bóyá ó lè gba ìdọ̀tí núkílíà pamọ́. Àlàfo inú amọ̀ yẹn kéré ju kòkòrò lọ, wọn kò lè rìn. Àmọ́ ibi tí èèyàn bá ti gbẹ́ ihò sí, àwọn kòkòrò á ráyè. Ìwádìí kan ní 2016 fi hàn pé wọ́n ń jẹ háídrójìn, gáàsì tó máa ń jáde bí àgbá irin tí wọ́n fẹ́ kó ìdọ̀tí náà sí bá ń dípẹtà lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ń tipa bẹ́ẹ̀ dín gáàsì kù. Àwọn kan lára wọn sì tún ń pèsè ohun tó ń jẹ irin.

Ní Ògóni, nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ará láàbù dé. Wọ́n bu erùpẹ̀ látinú ebè kọ̀ọ̀kan sínú ìgò, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, kí wọ́n lè wọn epo tó ṣẹ́ kù. UNEP ní títún gbogbo Ògóni ṣe lè gbà tó ọdún 25 sí 30. Ebè tí epo rẹ̀ kò bá tíì wálẹ̀ tó, katapílà yóò tún un yí.