Kí Ni Ó Wà Nínú Ìwé Tí Wọ́n Ní Kí A Buwọ́ Lù?

Ìbò tí a fi ń yan gómìnà, sẹ́nétọ̀ tàbí káńsẹ́lọ̀ ni ó mọ́ wa lára. Ṣùgbọ́n ìbò mìíràn wà tí a kì í fi yan ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn yóò bi ará ìlú: ṣé ẹ fara mọ́ ọn, àbí ẹ kò fara mọ́ ọn? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí a di irú ìbò yìí bí a bá fẹ́ dá ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀, tàbí bí àwọn ènìyàn bá fẹ́ pe aṣòfin wọn padà sílé. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìbò ìfọwọ́sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Òkun ju bí àwọn ọmọ wa ti mọ̀ lọ. Kí òmìnira tó dé, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ń fẹ́ kí Ìlọrin àti Kàbà kúrò lábẹ́ ìjọba Àríwá, kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1957 yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì jábọ̀ ní 1958. Ààlà kò yẹ̀, a kò sì dìbò kankan lé e lórí. Ní 1967, àwọn ológun pa Kàbà pọ̀ mọ́ Ìlọrin nínú ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, wọ́n mú wa kúrò níbẹ̀ sínú Kogi. Yálà ó dára tàbí kò dára, kò sí ẹni tí ó bi àwọn baba wa ní Ògìdì léèrè.

Àwọn tí a bi léèrè ni àwọn ará Mid-West, ní ọjọ́ 13 oṣù keje 1963. Òfin ìgbà náà le: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò, ó kéré tán ọgọ́ta gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn fẹ́. Ẹni tí ó jókòó sílé, bí ẹni tí ó kọ̀ ni. Wọ́n jáde, wọ́n sì borí.

Ní tiwa, ọdún 2018 kò jìnnà. Wọ́n fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye, ọmọ Ìjùmú wa níbí, padà sílé. Ìbuwọ́lùwé 189,870 ni wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ INEC. Nígbà tí àjọ náà wá ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin láti mọ̀ bóyá àwọn tó ni orúkọ ló buwọ́ lù ú, àwọn tí ó jáde wá jẹ́rìí sí i kò ju ìdá márùn-ún àti díẹ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò Kogi West. Ọ̀rọ̀ náà kò dé orí ìbò rárá. A kò bá ẹnikẹ́ni ṣe òṣèlú; ohun tí à ń wí ni pé orúkọ tí a kọ sórí ìwé, a óò wá béèrè ẹni tó ni ín. Ní 2025, wọ́n gbìyànjú irú rẹ̀ ní Kogi Central lórí Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan. Ìbuwọ́lùwé 208,132 ni wọ́n rí kà nínú olùdìbò 474,554. Ẹ ṣírò rẹ̀: kò tó ìdajì, òfin sì ní ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ tuntun tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ògìdì lọ sí Ìyàrá fún ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ lè rò pé bí a bá ti dìbò, ó parí. Ó ti o! Àwọn aṣojú wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn àgbègbè náà tó fọwọ́ sí i nínú ìbò, lẹ́yìn náà ni ó kan àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yòókù àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀, títí dé Àbújá. Èkó dá 37 sílẹ̀ kún 20 tí ó ní. Ní oṣù kejìlá 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé iṣẹ́ náà kò tíì pé, nítorí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò tíì ṣe tirẹ̀. Títí di òní, orúkọ 20 péré ni ó wà nínú ìwé òfin fún Èkó.

Ní oṣù kejì 2025, a gbọ́ orúkọ Ìpínlẹ̀ Òkun láàárín ìpínlẹ̀ 31 tí wọ́n ní àwọn ènìyàn ń béèrè fún. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn. Bí ẹnìkan bá wá gbé fọ́ọ̀mù wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn lẹ́yìn ìsìn, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé kà á sókè fún ìyá àgbà kí ìyá tó tẹ̀ka. Ẹ bi í pé níbo ni olú ìlú yóò wà, ibo ni ààlà yóò gbà, ta ni yóò máa san owó àwọn olùkọ́. Bí kò bá lè dáhùn, kí ó mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà lọ, kí ó wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.