Ta Ló Láṣẹ Láti Sọ Nọ́ńbà Íntánẹ́ẹ̀tì Yín Lórúkọ?

Ẹ ti sanwó domain, ẹ ti gbé sáfà ímeèlì tiyín kalẹ̀, síbẹ̀ lẹ́tà tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà yín lórí Gmail ń padà wá, tàbí kó bọ́ sínú spam. Ẹ kọ́kọ́ yẹ èyí wò: ṣé nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì (IP address) tí sáfà yín ń lò ní orúkọ? Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google ti sọ ọ́ di dandan pé kí nọ́ńbà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí Gmail ní orúkọ, kí orúkọ náà sì tọ́ka padà sí nọ́ńbà ọ̀hún.

Kí ni reverse DNS?

DNS, tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní 1983, ló ń bá kọ̀ǹpútà wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ. Reverse DNS ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé: ẹ fún un ní nọ́ńbà, ó sọ orúkọ fún yín. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 203.0.113.25, abẹ́ 25.113.0.203.in-addr.arpa ni wọ́n ti ń wá a. Wọ́n yí i padà torí pé apá òsì ni àgbà wà nínú nọ́ńbà, apá ọ̀tún ló wà nínú orúkọ.

Kí ló dé tí ẹ kò lè ṣe é fúnra yín?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin lẹ ni domain, ṣùgbọ́n ilé tí nọ́ńbà ti wá kì í ṣe tiyín. IANA ló ń pín nọ́ńbà fún àwọn àjọ agbègbè. Ní Áfíríkà, AFRINIC tó fìdí kalẹ̀ sí Mauritius ló ń bójú tó o láti 2005. AFRINIC pín in fún ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ náà wá yá yín ní díẹ̀. Bí nọ́ńbà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni àṣẹ ìsọlórúkọ ń bá a sọ̀kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ló dúró sí, àfi tí wọ́n bá fà á lé yín lọ́wọ́.

Kí ni kí ẹ béèrè?

Bí nọ́ńbà yín kò bá ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, ẹ ní kí wọ́n bá yín kọ orúkọ náà sínú àkọsílẹ̀ tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní PTR. Ó parí. Bí ó bá pọ̀, tí orúkọ sì ń yí padà lóòrèkóòrè, ẹ ní kí wọ́n fa àṣẹ náà lé sáfà DNS tiyín lọ́wọ́. Ìyẹn ni delegation.

Ẹni tó ní odindi nọ́ńbà 256 kò ní wàhálà, torí ibi tí dọ́ọ̀tì wà gan-an ni wọ́n máa gé e. Ẹni tó ní mẹ́jọ péré, bíi 24 sí 31 nínú àpẹẹrẹ wa, ni ọ̀rọ̀ máa ń ta kókó fún. Ìwé ìlànà kan, RFC 2317, tó jáde ní oṣù Kẹta 1998, ló tú kókó náà: ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín á fi àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CNAME darí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ orúkọ tuntun, bíi 24-31.113.0.203.in-addr.arpa, wọn á sì fi orúkọ yẹn lé yín lọ́wọ́. Bí òṣìṣẹ́ wọn bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ dárúkọ ìwé yìí fún un.

Kí ẹ tó kọ̀wé sí wọn fún delegation, ẹ rí i pé sáfà DNS yín, ó kéré tán méjì, ti ń dáhùn. Ẹ kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́, ti ìgbẹ̀yìn, àti orúkọ sáfà méjèèjì sínú ìwé náà. Tí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe é, ẹ tẹ dig -x àti nọ́ńbà yín sórí kọ̀ǹpútà láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń pín lò, bíi ti íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù, kò sí nínú ètò yìí. Èyí tó jẹ́ tiyín nìkan, tí kì í yí padà, ni wọ́n ń sọ lórúkọ. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kankan, ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò sọ nọ́ńbà náà lórúkọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé.