Bí a ṣe ń ya fídíò ijó ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé ní Rẹ́mọ

Bí ẹgbẹ́ oníjó ilé ìwé bá ní àwọn fẹ́ ya fídíò ijó tó dá lórí ilẹ̀, omi, iná àti afẹ́fẹ́, aṣọ ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ sáré sí: búlúù fún omi, pupa fún iná, funfun fún afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jó ijó tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú aṣọ tuntun. Aṣọ kì í sọ ijó di omi. Ijó á di omi nígbà tí ara oníjó bá ń ṣe ohun tí omi ń ṣe, tí kámẹ́rà sì wà níbi tí òǹwòran ti lè rí i. Ètò tí ìyẹn gbà pọ̀ ju ọjọ́ yíyà fúnra rẹ̀ lọ.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹni tí mo máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Germaine Acogny. Ilẹ̀ Benin ni wọ́n ti bí i ní 1944, ìyá-àgbà rẹ̀ sì jẹ́ abọ̀rìṣà ọmọ Yorùbá. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló dá ilé ẹ̀kọ́ ijó École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, létí òkun ilẹ̀ Senegal. Nínú ọ̀nà ijó tirẹ̀, àyà ni oòrùn, ìdí ni òṣùpá, eegun ẹ̀yìn sì ni ejò ìyè. Igi àràbà pàápàá ní ìdúró tirẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, oníjó 38 láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 14 ń múra ní École des Sables láti gbé Rite of Spring ti Pina Bausch káàkiri ayé, ijó tí obìnrin ará Jámánì náà gbé jáde ní 1975 lórí pèpéle tí wọ́n da erùpẹ̀ sí. Àrùn Kòrónà dé, ìrìn àjò sì dúró. Kí wọ́n tó túká, wọ́n jó o lórí iyanrìn etíkun nírọ̀lẹ́, wọ́n sì yà á. Fíìmù náà ni wọ́n pè ní Dancing at Dusk. Aṣọ wọn kò yàtọ̀ sí ti orí pèpéle, àmọ́ iyanrìn ń gbé ẹsẹ̀ wọn mì, ìmọ́lẹ̀ sì ń lọ bí ijó ṣe ń le.

Rẹ́mọ kò ní òkun. Ó ní ilẹ̀ pupa, oko obì, ọyẹ́, òjò, àti àwọn odò bí Uren ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ibu ní Ṣágámù. Ìyẹn pọ̀ tó. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú ẹyọ kan, ó pẹ́ tán méjì. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta tó bá fẹ́ kó ilẹ̀, omi, iná àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kì í ráyè gbé ìkankan délé.

Sáà ilé ìwé fúnra rẹ̀ á bá yín yan. Sáà kejì, láti oṣù kìíní sí ìkẹta, jẹ́ ti eruku àti ọyẹ́, nítorí náà ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló bá a mu. Sáà kẹta bọ́ sí àárín òjò, àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá sì ń ṣe WAEC lọ́wọ́ ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà. Bí ẹ bá fẹ́ omi, kíláàsì tó kéré ni kí ẹ lò. Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò ìgbà tí Orò máa jáde, torí pé ọmọbìnrin kò ní lè wà níta, iṣẹ́ yín á sì dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló rọrùn jù tó sì lérè jù fún ọmọ ilé ìwé. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ ijó, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo ibi tí èèyàn ti ń bá ilẹ̀ ṣiṣẹ́: ẹni tó ń kọ ebè, ẹni tó ń gún amọ̀, ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ní Mayflower, tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara wọn ro oko ilé ìwé. Ilé ìwé tó bá ní oko ti ní ijó ilẹ̀ nílẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìṣe kan ṣoṣo wá, kó ṣe é títí ara rẹ̀ á fi mọ ibi tí agbára rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó ń ro oko kì í fi apá nìkan roko: orúnkún rẹ̀ tẹ̀, ìbàdí rẹ̀ wálẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dìde tó sì ń bẹ̀rẹ̀. Ìdúró ijó Yorùbá nìyẹn gan-an. Lẹ́yìn èyí ni kí onílù dé. Kí ìyáàlù dá sí ìṣe náà, kó yá a tàbí kó fà á, kí ẹ sì fi ohùn ìlù pín ijó náà sí abala. Bí ìlù bá ti pín in, ẹ ti mọ ibi tí kámẹ́rà lè dúró kó tún bẹ̀rẹ̀.

Ojú ilẹ̀ tí ẹ máa yà gan-an ni kí ẹ ti dánra wò. Ẹsẹ̀ tó yá lórí símẹ́ǹtì máa ń wúwo nínú erùpẹ̀, yàrá kíláàsì kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ gbá ilẹ̀ náà, ẹ ṣa ìgò àti ìṣó kúrò, torí ẹsẹ̀ lásán dára jù níbẹ̀. Ẹ má lọ síbi tí wọ́n ti ń wa òkúta símẹ́ǹtì ní Ṣágámù bó ti wù kí funfun rẹ̀ wuni tó. Etí kòtò lè ya, ọkọ̀ ńlá sì ń kọjá.

Ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Ní agbègbè wa, oòrùn ń gorí èèyàn gangan lọ́sàn-án, òjìji á sì bo ojú oníjó. Agogo méje sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ dára, bẹ́ẹ̀ náà ni agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ó máa ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, lẹ́yìn rẹ̀ ilẹ̀ á ṣú láàárín bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ ò ní rí àyè tún un yà. Bí ẹ bá fẹ́ kí eruku hàn, ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn oníjó. Eruku tí oòrùn kọjú sí láti iwájú kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Fóònù á fẹ́ máa yí ìmọ́lẹ̀ padà fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ tẹ ojú oníjó mọ́lẹ̀ lórí fóònù títí yóò fi dúró sójú kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ ya abala kọ̀ọ̀kan: lẹ́ẹ̀kan láti òkèèrè pẹ̀lú gbogbo ara, lẹ́ẹ̀kan nítòsí, lẹ́ẹ̀kan sí i fún ẹsẹ̀, èjìká tàbí ọwọ́ nìkan. Àṣìṣe tó ń dùn mí jù nínú fídíò ijó wa ni gígé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹni tó gé ẹsẹ̀ oníjó bàtá kúrò ti gé ìdajì ọ̀rọ̀ ìlù. Ẹ gbé fóònù wálẹ̀ dé orúnkún, ẹ so ó mọ́ igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ dá a ní ìbú.

Omi gba ìṣọ́ra. Odò ní ẹni tó ni ín. Ẹ kọ́kọ́ rí àwọn àgbà tó ń mójú tó o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ pẹ́ nínú omi tí kò ṣàn, torí àtọ̀sí ajá wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ má nílò odò rárá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n ya Anthony Madu, ọmọ ọdún 11 tó ń kọ́ ijó ballet ní Leap of Dance Academy ní Àjàngbádì l'Ékòó, níbi tó ti ń jó láìwọ bàtà nínú òjò. Fídíò kékeré yẹn rìn ká ayé, ó sì mú kó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ́wọ́ American Ballet Theatre. Òjò àti ilẹ̀ àgbàlá ni ohun èlò. Ẹ fi agbòòrùn bo fóònù, ẹ sì dáwọ́ dúró bí àrá bá ń sán.

Ní ti iná, èmi kò ní kí ọmọ ilé ìwé jó nítòsí iná tòótọ́. Ẹ lọ ya ẹwìrì àti iná alágbẹ̀dẹ lọ́tọ̀, kí àgbàlagbà sì wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ gé e mọ́ àárín èjìká àti ẹsẹ̀ ijó bàtá.

Afẹ́fẹ́ kò ṣeé rí. Ohun tó gbé la ń rí. Àdìrẹ fẹ́lẹ́ á fi hàn, aṣọ òkè kò ní fi hàn. Afẹ́fẹ́ tún máa ń fọ́ ohùn nínú fóònù, nítorí náà ẹ ti gba ìlù sílẹ̀ níbi tó dákẹ́, kí spíkà máa gbé e fún oníjó. Bí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ fẹ́ jẹ́jẹ́ kí ẹsẹ̀ sì bá ìlù mu, ẹ ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ìlù máa sáré ní ìlọ́po méjì, kí oníjó jó bá a. Nígbà tí ẹ bá fi 30 gbé e jáde, aṣọ á rọra fò, ìlù gidi á sì bá ẹsẹ̀ mu.

Ìlù tí ẹ gbà sílẹ̀ fúnra yín á gbà yín lọ́wọ́ wàhálà míì: ẹ̀rọ YouTube máa ń dá orin olórin mọ̀, ó sì lè dí fídíò náà. Kí òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé kí ẹ tó yà á, kí ìwé náà sì sọ ibi tí ẹ máa gbé fídíò náà sí. Ẹ yọ báàjì ilé ìwé kúrò lára aṣọ, ẹ má kọ orúkọ ọmọ sábẹ́ fídíò. Lálẹ́ ọjọ́ yíyà, ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà àti sórí ohun ìpamọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù, kí ẹ sì fi han onílù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, torí òun ni yóò kọ́kọ́ rí ibi tí ẹsẹ̀ ti ya kúrò nínú ìlù.