Ìjẹ̀bú-Òde: ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló ń tú èrò wọ̀lú

Owó ilé l'Ékòó ń ga sí i lójoojúmọ́, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa wojú Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà méjì ló so ìlú náà mọ́ Èkó. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ gba Ṣágámù jáde sí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Èkejì, tó gba Ẹ̀pẹ́, ló ń mú àyípadà dé báyìí. Kòtò ló pọ̀ níbẹ̀ ju títì lọ tẹ́lẹ̀, kí ìjọba Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún tó tún un ṣe. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá Ẹ̀pẹ́ yóò bọ́ sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, níbi tí èbúté ńlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2023, tí ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote náà sì wà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Láyé ọjọ́un, àwọn ló wà láàárín Èkó àti àwọn ìlú òkè. Ẹrù tó bá fẹ́ kọjá, owó oníbodè ni. Nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà pa, inú bí òyìnbó. Lóṣù Karùn-ún 1892, Gómìnà Carter rán ọmọ ogun láti Èkó, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Nígbà tí rélùwéè wá dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, Abẹ́òkúta ló gbà, kò ya Ìjẹ̀bú-Òde rárá. Abẹ́òkúta yìí kan náà ló tún di olú ìlú nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ lọ́dún 1976.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ò káwọ́ gbera. Wọ́n ń ṣòwò l'Ékòó, wọ́n ń kọ́lé sílé. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn, kó wá sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kó wo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ nínú aṣọ olówó ńlá, kó wo àwọn ẹlẹ́ṣin.

Àmọ́ èrò tó ń wá báyìí kì í ṣe ti ọdún nìkan. Ilẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọ ẹbí kan lè ta ilẹ̀ lónìí, kí òmíràn jáde lọ́la pé òun ò mọ̀ sí i. Òfin ìpínlẹ̀ Ògùn ti ọdún 2016 ka fífi jàgídíjàgan gba ilẹ̀ léèwọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ò lè bá èèyàn wádìí kó tó sanwó. Kí ẹni tó fẹ́ rà bá olórí ẹbí gan-an sọ̀rọ̀, kó mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó níwèé àṣẹ dání, kó sì béèrè l'Abẹ́òkúta, lọ́dọ̀ ìjọba, bóyá wọn ò tíì gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Rìsíìtì tí ọmọ onílẹ̀ kọ fúnni lábẹ́ igi kò tó.